Ìrìn-àjò Ọjọ́ Kan Lórí Ọ̀sà, àti Bí A Ti Í Ṣètò Rẹ̀

Ní àkókò tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí iṣẹ́ oko sì ti dẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ inú ìjọ àti àwọn ẹbí a máa fẹ́ jáde lọ bẹ àwọn ènìyàn wọn tí ń gbé ní etí omi wò, tàbí kí wọ́n lọ wo ọjà àti ìlú tí wọn kò dé rí. Ní ìhà Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ni ó wà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni ó yá jù lọ láti fi dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn rárá. Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dùn púpọ̀. Kò sí eruku, kò sí ariwo ọ̀nà. Ènìyàn a máa rí àwọn apẹja lẹ́nu iṣẹ́ wọn, àti àwọn ẹyẹ omi tí ń fò láti ibi kan dé ibòmíràn.

Nígbà tí a bá ń sin ẹnìkan sí ọ̀nà, a máa ń kí i pé kí ó lọ ire, kí ó sì bọ̀ ire. Ìkíni náà pín sí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣètò ìrìn-àjò, ìdá kan ṣoṣo ni wọ́n ń rò. Wọ́n a ro oúnjẹ tí wọn yóò jẹ, aṣọ tí wọn yóò wọ̀, àti wákàtí tí wọn yóò gbéra. Wọn kì í ro wákàtí tí wọn yóò padà, àti bí omi yóò ti rí ní wákàtí náà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ènìyàn tí wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó kan ní etí odò Ọya ń padà lọ sí ilé wọn ní ìhà Pàtígi, ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Òru ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì ni ó kún inú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ náà dànù. Àwọn tí ó kú ju 100 lọ. Ìgbéyàwó náà ti parí ní àlàáfíà, a ti jẹ, a ti mu, a sì ti dágbére: ìpadàbọ̀ ni ìbànújẹ́ wà. Bí ẹ bá fi etí sílẹ̀ sí ìròyìn àwọn ọkọ̀ tí ó rì ní ilẹ̀ wa, ẹ ó rí i pé àwọn nǹkan mẹ́ta kan náà ni a máa ń gbọ́ léraléra: òkùnkùn ti ṣú, ọkọ̀ kún jù, àwọn ènìyàn kò sì wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó.

Nítorí náà ohun kan ni a fẹ́ kí olùkàwé fi sí ọkàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ìpadàbọ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣírò, kí a tó ṣírò àlọ.

BÍ Ọ̀SÀ WA TI RÍ

Láti ìhà Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin, omi náà gba Àgbádárìgì kọjá wá sí Èkó. Láti Èkó ó tún gba Ẹ̀pẹ́ lọ sí Lẹ́kí àti sí ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ní ibì kan ó há bí odò kékeré tí igi bò ní apá méjèèjì. Ní ibòmíràn ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè dá ẹni tí ó wà ní òdìkejì mọ̀. Odò Ògùn ń ṣàn sínú ọ̀sà Èkó, odò Ọ̀ṣun sì ń ṣàn sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Omi Lẹ́kí àti ti Ẹ̀pẹ́ ń wá sí ìwọ̀-oòrùn, títí yóò fi bá ti Èkó pọ̀, ẹnu Èkó ni ó sì ń gbà wọ inú òkun.

Ọ̀sà wọ̀nyí kò jìn. Ibi tí ó pọ̀ nínú ọ̀sà Èkó kò jìn ju mítà 2 lọ, ibi tí ó pọ̀ ní Lẹ́kí kò sì tó mítà 3. Nítorí èyí àwọn mìíràn a máa wí pé, “Omi tí kò jìn kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan.” Àṣìṣe ńlá ni. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹrẹ̀ ni ó wà ní ìsàlẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ líle tí a lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹ̀fúùfù bá fẹ́ lórí omi tí kò jìn, ìgbì rẹ̀ a máa kúrú, a máa dúró ṣánṣán, a sì máa tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni í bu omi sínú ọkọ̀ kékeré. Lẹ́ẹ̀kẹta, igi tí ó ṣubú, òpó àwọn apẹja, àti àjákù ọkọ̀ tí ó ti rì, wọ́n farapamọ́ sí abẹ́ omi tí kò jìn, ó sì rọrùn kí ọkọ̀ kọlù wọ́n. Ní ọ̀sán, atukọ̀ tí ó mọ ọ̀nà yóò yẹra fún wọn. Ní òru, kò sí ẹni tí ó lè rí wọn.

ÀKÓKÒ TÍ Ó YẸ

Oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì ni òjò kéré jù lọ, nígbà náà ni ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ tí kò mọ omi dáadáa yàn. Ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ ni pẹ̀lú. Ní òwúrọ̀ kùrukùru lè bo ojú omi tí a kò fi ní rí etí kejì. Kí a má ṣe gbéra títí a ó fi rí i kedere. Wákàtí kan tí a fi dúró ní èbúté kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kan tí a fi ń wá ọkọ̀ tí ó sọnù.

Láti oṣù kẹta dé oṣù karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá ń kógbá sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ìjì líle a máa jà. Ìhà ìlà-oòrùn ni ó ti ń wá, ó sì máa ń wá ní ọ̀sán tàbí ní ìrọ̀lẹ́. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: àwọsánmà dúdú yóò dìde ní ìlà-oòrùn bí ògiri, ooru yóò mú, afẹ́fẹ́ yóò dákẹ́; lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù yóò ya lù wá lójijì, òjò yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá rí àwọsánmà náà nígbà tí ó wà lórí omi, kí ó wá etí ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, bí kò tilẹ̀ ṣe ibi tí ó ń lọ. Ìjì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ púpọ̀ kí ó tó kọjá.

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án, òjò pọ̀, odò kún, ìṣàn omi sì le. Igi àti pàǹtí a máa bá ìkún omi wá. Kì í ṣe ìgbà tí a ń fi ọkọ̀ ṣe fàájì ni.

Ohun mìíràn tún ń bẹ tí àwọn baba wa kò mọ̀. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí ewéko omi kan báyìí, olódòdó aláwọ̀ àlùkò, ní omi Àgbádárìgì; ìhà Àjàṣẹ́ ni ó gbà wọlé. Ó jọ ojú oró ní ti pé ó ń léfòó, ṣùgbọ́n ó ga jù ú lọ, ó sì ń bí sí i kíákíá títí yóò fi bo ojú omi pátápátá. Lẹ́yìn òjò ni ó máa ń pọ̀ jù ní ọ̀sà Èkó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi iyọ̀ láti inú òkun a wọlé, a sì pa á. Ṣùgbọ́n ní ìhà Lẹ́kí, níbi tí omi kò ti níyọ̀, kò rí ohun tí yóò pa á bẹ́ẹ̀. Ó máa ń lọ́ mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi kú, ẹ̀fúùfù sì lè tì í di ọ̀nà láàárín wákàtí díẹ̀: ọ̀nà tí ó ṣí ní òwúrọ̀ lè dí ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kí a béèrè nípa rẹ̀ ní èbúté ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá.

AFẸ́FẸ́ ÀÁRỌ̀ ÀTI AFẸ́FẸ́ Ọ̀SÁN

Àwọn àgbà apẹja a máa jáde ní kùtùkùtù, ọgbọ́n sì ni. Ní òwúrọ̀ ojú omi a máa tòrò. Bí oòrùn bá ti ń ga sí i, ilẹ̀ a máa gbóná ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ilẹ̀ a máa lọ sókè, afẹ́fẹ́ tútù láti òkun a sì máa wá rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn lórí ọ̀sà wa, ìgbì a sì dìde. Bí omi bá ti fẹ̀ tó ní ibi tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìgbì yóò ti tóbi tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ẹ̀pẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ẹ̀pẹ́ ní òwúrọ̀ tí ó kọ ojú sí ìlà-oòrùn, omi yóò tòrò fún un ní àlọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń padà ní ọ̀sán, iwájú rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ àti ìgbì yóò ti máa kọlù ú. Ẹni tí ó bá kọ ojú sí ìwọ̀-oòrùn ní òwúrọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò wà ní ìpadàbọ̀, yóò sì máa tì í lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìṣàn omi ńkọ́? Nígbà òjò, omi ń ṣàn láti Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Èkó, nítorí náà ẹni tí ń padà sí ìlà-oòrùn yóò máa bá ìṣàn jà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣàn náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo èyí dá lé: kí ni yóò wà ní iwájú wa nígbà tí a bá ń padà bọ̀, tí ara sì ti rẹ gbogbo wa?

ÌṢIRÒ ÀKÓKÒ

Kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí oòrùn ilẹ̀ wa í wọ̀ lẹ́yìn agogo 7 àbọ̀. Ní oṣù kọkànlá a máa wọ̀ kí agogo 6 àbọ̀ tó lù. Òkùnkùn kì í sì pẹ́ kí ó tó ṣú lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà kí a fi agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ṣe òpin, pé nígbà náà gbogbo ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lórí ilẹ̀. Láti agogo 5 yìí ni kí a ti máa ka wákàtí padà sẹ́yìn.

Ká ní ibi tí à ń lọ jẹ́ kìlómítà 18, tí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ wa sì ń rin kìlómítà 12 ní wákàtí kan. Àlọ yóò gba wákàtí 1 àbọ̀. Kí a má ṣe sọ pé àbọ̀ náà yóò gba iye kan náà. Nítorí afẹ́fẹ́ ọ̀sán àti ẹrù, kí a fi ìdajì rẹ̀ kún un, kí ó jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15. Bí a bá ka èyí sẹ́yìn láti agogo 5, a ó bá ara wa ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú agogo 3. Nítorí náà kí a fi agogo 2 àbọ̀ ṣe wákàtí ìgbéra padà. Bí a bá kúrò nílé ní agogo 8 òwúrọ̀, a ó dé ibẹ̀ ní agogo 9 àbọ̀, a ó sì ní wákàtí 5 gbáko láti fi ṣe ohun tí ó gbé wa lọ.

Ṣùgbọ́n ká ní àwọn kan pẹ́ kí wọ́n tó dé èbúté, tí ọkọ̀ kò fi gbéra títí di agogo 10. Ìgbà náà a ó dé ibẹ̀ ní agogo 11 àbọ̀. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n a wí pé, “A pẹ́ dé, ẹ jẹ́ kí a pẹ́ lọ.” Rárá o. Agogo 2 àbọ̀ kò yí padà. Wákàtí 3 ni ó kù fún wa, kí a sì fi í ṣe ìwọ̀n tí ó bá lè ṣe. Ohun tí a bá pàdánù ní òwúrọ̀, inú àlejò ṣíṣe ni kí a ti yọ ọ́, kí a má ṣe yọ ọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí a ń fi àjẹ̀ wà, ìrìn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń rìn lórí ilẹ̀ lọ, bí kìlómítà 5 ní wákàtí kan nígbà tí omi bá tòrò. Kìlómítà 18 kan náà yóò gbà ju wákàtí 3 àbọ̀ lọ ní àlọ, ó sì lè gbà ju wákàtí 5 lọ ní àbọ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrìn-àjò ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ, kí ó yan ibi tí kò ju kìlómítà 8 lọ, tàbí kí ó múra láti sùn níbẹ̀.

EPO ẸLẸ́Ẹ̀MẸTA

Òfin àtijọ́ kan wà láàárín àwọn tí ń lo ọkọ̀ ẹlẹ́rọ: kí a pín epo sí ọ̀nà mẹ́ta; ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí a kò mọ̀. Bí àlọ yóò bá jẹ lítà 8, kí lítà 24 wà nínú ọkọ̀ kí a tó tú okùn. Ìdá kẹta náà kì í ṣe ìnákúnàá. Òun ni yóò gbà wá bí ewéko bá dí ọ̀nà tí a sì ní láti yí ká, tàbí bí ìgbì bá le. Kí olórí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ wo epo náà. Kí ó má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Kí a kó epo sínú ohun tí ó ní ìdérí, kí ó jìnnà sí iná àti sí àwọn tí ń mu sìgá.

ÈNÌYÀN ÀTI ẸRÙ

Gbogbo wa mọ̀ pé bí a bá kó òkúta sí ìdí igbá tí ó léfòó, igbá náà yóò dúró ṣinṣin. Bí a bá sì gbé òkúta náà lé etí rẹ̀, yóò dojú dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ rí. Ẹni tí ó jókòó ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ń mú un dúró. Ẹni tí ó dìde dúró ń gbé ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ sókè, ọkọ̀ a sì máa yí. Bí gbogbo ènìyàn bá sáré lọ sí apá kan láti wo ohun kan, kò sí ọgbọ́n atukọ̀ tí ó lè gbà wọ́n.

Kí a wo etí ọkọ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti wọlé. Bí etí náà kò bá ga ju omi lọ tó ìwọ̀n ọwọ́ kan tí a nà láti orí àtàǹpàkò dé orí ìka tí ó kéré jù, ọkọ̀ náà ti kún jù, bí omi tilẹ̀ tòrò bí omi inú àwo. Kí àwọn kan sọ̀ kalẹ̀, kí a sì wá ọkọ̀ kejì.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọkọ̀ wa a máa wúwo ní ìpadàbọ̀ ju bí ó ti rí ní àlọ lọ. Àwa àgbẹ̀ àti àwọn ìyá wa oníṣòwò kì í dé ọjà kí a padà ní ọwọ́ òfo. Bí a bá ka ènìyàn kan sí kìlógíráàmù 70, àpò gàrí 4 tí ìkọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlógíráàmù 50 fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ènìyàn 3. Nítorí náà ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ra ọjà bọ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ fún ẹrù náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ènìyàn ni. Ní ibi ìsàlẹ̀, ní àárín ọkọ̀, ni kí a sì kó o sí.

ATUKỌ̀ ÀTI Ẹ̀WÙ ÌLÉFÒÓ

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń bojú tó ọ̀nà omi sílẹ̀ ní ọdún 1997, Ìpínlẹ̀ Èkó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2008. Òfin wọn ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí àwọn atukọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kí ọkọ̀ èrò má sì ṣe rìn ní òru. Atukọ̀ tí kò bá bínú nígbà tí a bá bi í léèrè nípa nǹkan wọ̀nyí ni ó yẹ kí a bá lọ.

Kí ẹ̀wù náà pé iye orí, kí ti ọmọdé sì jẹ́ ti ọmọdé. Èyí tí a kó jọ sí abẹ́ àga kò wúlò: nígbà tí ọkọ̀ bá ń dànù, kò sí àyè láti wá a. Kí a wọ̀ ọ́ ní èbúté, kí a so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn sì di èjìká rẹ̀ mú kí ó fà á sókè. Bí ó bá gòkè kọjá àgbọ̀n, ó tóbi jù tàbí kò le dáadáa. Nínú omi yóò bọ́ kúrò lọ́rùn.

Kí a wò ó pẹ̀lú bóyá atukọ̀ ti mu ọtí. Bí ó bá ti mu ún, kí a má ṣe bá a lọ, ì báà ṣe ìbátan wa. Kí a wo ìdí ọkọ̀ bóyá ó ń jò. Kí igbá ìgbọ́nmi, okùn gígùn, ìdákọ̀ró àti àjẹ̀ méjì wà nínú rẹ̀, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ní ẹ̀rọ. Kí a fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí a sì di ẹnu rẹ̀ dáadáa.

ÌLERA NÍ Ọ̀NÀ

Omi ọ̀sà kì í ṣe omi mímu. Kí a gbé omi tí a ti sè láti ilé, kí ó pọ̀, nítorí oòrùn orí omi máa ń gbẹ ara ju bí a ti rò lọ. Kí àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé dé fìlà tàbí kí wọ́n wé gèlè.

Níbi tí omi kò ti níyọ̀, tí kò sì ṣàn dáadáa, kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n máa ṣeré nínú rẹ̀. Ìgbín kéékèèké inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, kòkòrò náà sì ń gba awọ ara wọlé láìdun ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

BÍ EWU BÁ DÉ

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí gbogbo ènìyàn di ọkọ̀ náà mú. Ọkọ̀ onígi a máa léfòó bí ó tilẹ̀ dojú dé, àwọn olùrànlọ́wọ́ yóò sì tètè rí ọkọ̀ ju orí ènìyàn kan lọ. Ilẹ̀ tí a ń wò nítòsí lè jìnnà ju bí ojú ti rí i lọ. Ọ̀pọ̀ tí ó mọ̀wẹ̀ ni ó ti rì nítorí pé wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀.

Ẹni tí ń rì sínú omi kì í sábà kígbe. Ẹnu rẹ̀ wà nínú omi. Ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ omi, ó sì dákẹ́. Nítorí náà kí a máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹlòmíràn là, kí ó má ṣe fò lé e lórí, nítorí ẹni tí ń rì yóò dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì yóò sì lọ. Kí ó na igi tàbí àjẹ̀ sí i, tàbí kí ó ju okùn sí i, tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a ti dé pa.

Nígbà tí a bá gbé e gúnlẹ̀, kí a má ṣe dorí rẹ̀ kodò, kí a má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ikùn láti fa omi jáde. Àkókò ni a ń fi ṣòfò. Bí ó bá ń mí, kí a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́, kí a sì bò ó kí òtútù má ṣe mú un. Bí kò bá mí, kí ẹnìkan sáré pe ìrànlọ́wọ́, kí ẹlòmíràn sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ líle. Kí ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, kí ó fún imú rẹ̀ pọ̀, kí ó fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, kí ó sì fẹ́ èémí sí i ní ìgbà 5, tí àyà rẹ̀ yóò fi máa gbé sókè. Lẹ́yìn náà kí ó gbé ọwọ́ méjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 ní ìgbà 30, kí ó yára bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ó tún fẹ́ èémí 2, kí ó tún tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 30. Fún ọmọ kékeré, kí ọwọ́ rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a máa ṣe é láìdáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé tàbí títí yóò fi mí. Bí ó tilẹ̀ jí tí ó sì ń sọ̀rọ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí omi tí ó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe é ní ibi lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

ẸNI TÍ Ó KÙ SÍ ILÉ

Ó ku ohun kan, òun ni àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé jù lọ. Kí ẹgbẹ́ yan ẹnìkan tí kò ní lọ, ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, tí ilé rẹ̀ sì wà nítòsí èbúté. Kí a kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wọ ọkọ̀ sínú ìwé, àti ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú, kí a fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Kí ó mọ ibi tí à ń lọ, ọ̀nà tí a ó gbà, orúkọ atukọ̀, àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì nínú ọkọ̀ náà. Bí a bá yí ibi tí à ń lọ padà, kí a sọ fún un. Bí a bá sì rí i pé a kò lè padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí a sùn sí ibi tí a wà, kí a ránṣẹ́ sí i pé a sùn. Oorun orí ẹní ní ilé ẹlòmíràn kì í pa ènìyàn.

Kí ó jáde lọ sí èbúté ní agogo 5. Bí agogo 6 bá lù tí kò rí ọkọ̀, tí kò sì gbọ́ ìròyìn, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la: kí ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn apẹja nígbà tí ojú ṣì ń ríran. Bí ọkọ̀ bá sì dé, kí ó mú ìwé náà jáde, kí ó sì pe orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, títí iye wọn yóò fi pé.